Ìyá Olórùka àti Àwo Tí Kò Ní Òrùka

Bí ẹ bá pàdé obìnrin tí gbogbo ọsibítù ń pè ní Ìyá Olórùka, ẹ má wulẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀, ẹ kò ní í rí òrùka kankan níbẹ̀. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ti wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nítorí ìbọ̀wọ́ rọ́bà máa ń ya mọ́ ọn. Inú àwo ni òrùka tí wọ́n fi ń pè é wà. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ìtọ̀ ló ń ṣe, ní yàrá kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, tí fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ fún mi láyè kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Bí aláìsàn bá gbé ìtọ̀ wá, wọn á mú díẹ̀ níbẹ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, wọn á sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń mú ooru. Tó bá di ọjọ́ kejì, kòkòrò àìfojúrí tó ń dá onítọ̀hún láàmú á ti hù. Wọn á wá bù nínú kòkòrò yẹn, wọn á tẹ́ ẹ káàkiri ojú àwo ńlá mìíràn, wọn á to bébà róbótóróbótó méjìlá lé e lórí, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni bébà kọ̀ọ̀kan mu yó. Oògùn tó bá lágbára, kòkòrò kò ní í lè hù nítòsí bébà rẹ̀, ibẹ̀ á mọ́ yíká bí òrùka. Òrùka yẹn ni obìnrin yìí ń fi rúlà wọ̀n. Bó bá fẹ̀, kí dókítà kọ oògùn náà fún aláìsàn. Bí kò bá sí òrùka rárá, kòkòrò ti di ọ̀gá oògùn yẹn nìyẹn, kí wọ́n yáa wá òmíràn.

Irin ni rúlà rẹ̀, nọ́ńbà kìn-ín-ní ti pa rẹ́ lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá láàbù pàápàá, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di rúlà mú nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Títí di òní, "Màmá" ló ń pè é, bó bá sì fẹ́ yá rúlà, á kọ́kọ́ tọrọ ààyè.

Ẹnu ni irinṣẹ́ rẹ̀ kejì. Lójú fèrèsé kékeré tí àwọn aláìsàn ń gbé ike ìtọ̀ gbà wọlé, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń sọ tí kì í yí padà: ẹ má lo oògùn apakòkòrò láìṣe àyẹ̀wò, ẹ má gba ti aládùúgbò, ẹ má dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kẹta torí pé ara ti fúyẹ́; kòkòrò tí ẹ kò bá pa tán, ẹ ti fi í sílé ìwé nìyẹn, ìgbà tó bá sì máa fi padà wá, á ti gba ìwé ẹ̀rí. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà sórí débi pé bí Ìyá Olórùka bá fi máa dé "ìwé ẹ̀rí", ìgbálẹ̀ á ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí àwọn aláṣẹ ìlera wá ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, wọ́n ní kí ó nàka síwájú, kí ó má rẹ́rìn-ín. Wọn kò nílò láti sọ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn fún un. Nígbà tí pósítà náà jáde, ó gba gbogbo ògiri: wọ́ọ̀dù, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́, kẹ́mísì gbogbo, àti ibùdókọ̀ méjì. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: "Lo oògùn rẹ tán. Má fi kòkòrò sílé ìwé." Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, gba ọ̀kan wálé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìjókòó. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí ìyàwó òun lè máa ṣọ́ òun nígbà tó bá lọ síbi iṣẹ́ náà.

Ọdún tó kọjá ni aránṣọ kan gbé ìtọ̀ wá sójú fèrèsé yẹn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, okùn tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti gbàgbé láti bọ́ ọ. Ìyá Olórùka bi í bóyá ó ti lo oògùn kankan. Ó ní òun lo hóró mẹ́ta péré, èyí tí ìyá kan lódìkejì títì fún òun. Ẹ ò rí nǹkan. Ìyá Olórùka yọ orí síta láti ojú fèrèsé, ó sì kọjú sí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun wo olùkọ́ àwọn kòkòrò, kíláàsì rẹ̀ ti kún, ó tún ń gba ọmọ tuntun. Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ gbé ike rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì lọ jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Nígbà tí Ìyá Olórùka ń sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ṣíbí fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá rí bákan nìyí o. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nítòsí láàbù, àwọn tó fẹ́ tọ̀ sínú ike ni wọ́n sì ń lò ó. Tàwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn ilé ìdáná ọsibítù, ìrìn ìṣẹ́jú méje ní àlọ, méje ní àbọ̀, ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, obìnrin tó ń gba ìtọ̀ ọgọ́rin ènìyàn lójúmọ́ kò ráyè tọ tirẹ̀. Láti aago méje àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, kò ní í dìde. Kí ó má baà dìde, kò ní í mu omi. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn tó ń bá gbogbo ayé wá ìdí rẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìtọ̀ á máa ta á bí ẹni fi ata sí i, á tọ̀ tán, kò ní í pé tí á tún fẹ́ tọ̀, ẹ̀kán díẹ̀ báyìí ni yóò sì jáde.

Ó mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe. Ta ni ìbá tún mọ̀ ọ́n jù ú lọ? Ṣùgbọ́n bó bá gbé ìtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní láàbù, orúkọ rẹ̀ á wà lára ike, gbogbo wọn á sì rí i: ọ̀gá, àwọn ọmọ iṣẹ́, obìnrin onígbálẹ̀. Wọn á bi í ní ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ ń bi ènìyàn. Ojú ń tì í ṣáájú kí ojú tó tì í. Ó wá rí i pé kò sóhun tó burú bí òun bá yà sí kẹ́mísì kan tó jìnnà. Ó lo oògùn fún ọjọ́ méjì, ara rẹ̀ yá, ó tọ́jú èyí tó kù sínú agolo tíì kan lẹ́yìn aṣọ òtútù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, di ìgbà mìíràn.

Ìgbà mìíràn náà kúkú dé, òmíràn sì tún dé lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni agolo yẹn fi ń sìn ín. Ó létò o, ẹ má rò pé kò létò. Ó kọ déètì sára káàdì oògùn kọ̀ọ̀kan, ó fi rọ́bà dì wọ́n ní ìdì ìdì, èyí tó pẹ́ jù lókè, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nísàlẹ̀. Ilé oògùn ọsibítù fúnra rẹ̀ kò létò tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹnì kan bi í léèrè ni, ì bá sọ pé àwọn tí kò mọ nǹkan kan ni pósítà wà fún.

Lọ́dún yìí, agolo kọ̀ ọ́. Ó lo tòkè, kò ràn. Ó lo tàárín, ó dà bí ẹni mu omi lásán. Ó wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí kẹ́mísì tí kò tíì dé rí, ó fi ìborùn bo orí wá síwájú, ó wọ awò dúdú. Oníkẹ́mísì kò wo ojú rẹ̀ pàápàá. Ó nawọ́ mú oògùn lórí pẹpẹ, pósítà wà lẹ́yìn orí rẹ̀, Ìyá Olórùka inú bébà ń nàka sí Ìyá Olórùka tó dúró. Bó ṣe ń gbé oògùn fún un, oníkẹ́mísì ní kí màmá rántí lò ó tán o, kí ìyá tó wà lẹ́yìn òun yìí má baà bá wọn jà. Ìyá Olórùka dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ìyẹn sì pọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìrora kò lọ. Ṣe ló tún kúrò nísàlẹ̀ ikùn, ó gun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún.

Ẹ̀rù bà á gan-an. Ẹni bá ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ mọ ohun tó wà lápá ibẹ̀: kíndìnrín ni. Bí kòkòrò bá fi àpò ìtọ̀ sílẹ̀ tó gòkè débẹ̀, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti agolo tíì. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló kù kí ó fẹ̀yìntì, wọ́n ti ní òun ni yóò bá gbogbo òṣìṣẹ́ ọsibítù sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, lórí bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn lo oògùn. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin. Kíndìnrín wà lọ́wọ́ kan, orúkọ rere wà lọ́wọ́ kejì, ó ń wo méjèèjì bí ẹni tí yóò rí ibi fi wọ́n pa mọ́ pọ̀. Ọkọ rẹ̀ rí i tó ń dìde lórí àga bí arúgbó, ó ní kí ó lọ sí ọsibítù.

"Ọsibítù wo?" ló fi dá a lóhùn. "Ibi tí mo ti ń bọ̀ yẹn?"

Ọgbọ́n tó wá dá, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ láàbù kò lè dá a. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó tọ̀ sínú ike, ó sì ṣẹ̀dá ènìyàn kan sínú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Ó kọ ọ́ ní ọkùnrin, kí ẹnikẹ́ni má fura. Ó fún un ní àádọ́rin ọdún. Níbi iṣẹ́, ó kọ mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìntì. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá aláìsàn ti lo oògùn ṣáájú, ó ronú díẹ̀, ó kọ "rárá". Bàbá náà ti purọ́ kí wọ́n tó bí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kòkòrò ti hù bámúbámú. Ó tẹ́ ẹ, ó to bébà méjìlá. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó gbé àwo náà sórí aṣọ dúdú tí ó máa ń fi wo òrùka, ó ṣí i, ó sì kọ́kọ́ rò pé òun gbàgbé láti to bébà olóògùn ni. Bébà wà níbẹ̀, méjìlá pé, wọ́n jókòó sórí kòkòrò bíi bọ́tìnnì lára aṣọ. Kò sí òrùka kan. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ibi tí òrùka kò bá sí, ìlànà iṣẹ́ ni pé kí wọ́n kọ mẹ́fà, torí mìlímítà mẹ́fà ni bébà fúnra rẹ̀ fẹ̀. Ó wọn ti àkọ́kọ́, ó kọ mẹ́fà. Ó wọn ìkejì, mẹ́fà. Ó ṣe é dé ìkejìlá, kò fo ọ̀kan, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn oògùn inú agolo rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dá wọn mọ̀, òun ló kọ́ kòkòrò yìí láti ABD dé yunifásítì.

Irú àwo bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wò ó, ó di dandan kí ọ̀gá rí i. Ọ̀gá wá, ó wò ó, ó pe gbogbo ilé. Wọ́n yí àwo ká, wọ́n ń mí kanlẹ̀. Ẹnì kan ní irú bàbá wo rèé, ṣé ẹ̀pà ló ń fi oògùn jẹ ni? Òmíràn ní ó tún láyà láti kọ "rárá". Wọ́n wá kọjú sí Ìyá Olórùka, wọ́n ń dúró dè é, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé òun ló máa ń gbẹ̀yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó bú bàbá náà. Ó bú u dáadáa, ó pè é ní aláìmoore, ó ní irú wọn ló ń fi gbogbo àdúgbò sínú ewu. Wọ́n ní òótọ́ lẹ sọ, Màmá.

Ọ̀gá fi kòkòrò náà ránṣẹ́ sí láàbù tó tóbi jù tiwọn lọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èsì dé: oògùn kan ṣoṣo ló kù tí ó lè pa á, èyí tí wọ́n ń fà sínú iṣan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ méje, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Wọ́n tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí wọ́n tètè wá bàbá náà rí kí ó tó di ọ̀ràn kíndìnrín. Ibo ni wọn yóò ti wá a? Kò sí àdírẹ́sì, kò sí nọ́ńbà fóònù. Ọ̀gá bá kọ ìwé kan, ó ní ọsibítù ń wá bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, mẹkáníìkì, tó gbé ìtọ̀ wá lọ́jọ́ Ajé. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, sí ẹ̀gbẹ́ pósítà Ìyá Olórùka gan-an. Ojú ìwé náà ni ìka rẹ̀ wá nà sí.

Ẹ̀yin ará, àwọn bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Kò sí bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Ọ̀kan ní òun kì í ṣe mẹkáníìkì ṣùgbọ́n òun máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọ̀kan ní òun kò rántí pé òun gbé ìtọ̀ wá, ṣùgbọ́n òun kì í rántí nǹkan mọ́ náà. Ìkẹta kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé ike kalẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní bó bá jẹ́ òun ni, kí wọ́n má sọ fún àwọn ọmọ òun. Ojú fèrèsé Ìyá Olórùka ni gbogbo wọn ń wá, òun ló sì ní láti máa sọ fún wọn pé kì í ṣe àwọn. Àánú bàbá kẹta yẹn ṣe é. Kò rántí ìgbà tí àánú ẹnikẹ́ni ti ṣe é lójú fèrèsé yẹn gbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, òtútù mú un lórí iṣẹ́, ọ̀sán gangan, oòrùn ń ta lórí àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì níta. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, rúlà ń kan etí àwo gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n. Ó gbé rúlà sílẹ̀. Ó di ògiri mú títí ó fi dé ọ́fíìsì ọ̀gá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ẹ lọ yọ ìwé yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá yẹn ò sí."

"Ó ti kú ni?"

"Ò wá sáyé rí. Èmi ni mo ni ìtọ̀ yẹn."

Ọkùnrin náà dìde, ó gbé àga tirẹ̀ fún un, òun náà fa àga mìíràn. Lẹ́yìn náà, ó mú fọ́ọ̀mù jáde nínú dúrọ́ọ̀, fọ́ọ̀mù tí Ìyá Olórùka ti fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kọ fún ẹlòmíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: oògùn wo ni ẹ ti lò, Màmá, ọjọ́ mélòó ni ẹ fi lo ìkọ̀ọ̀kan. Ó ń dáhùn, ọ̀gá ń kọ. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn yẹn lórí fọ́ọ̀mù. Ìlà mẹ́ta kún, ọ̀gá yí i sẹ́yìn, ó ń kọ lọ. Nígbà tó parí, ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, obìnrin náà sì mọ nǹkan tí ó fẹ́ sọ, torí òun ló kọ́ ọ. Ọ̀gá pa ẹnu rẹ̀ dé. Ìyẹn dùn ún ju kí ó sọ ọ́ lọ.

Wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lápá òsì bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fún un, pósítà rẹ̀ ni, ó tóbi, ó nàka sí orí ìrọ̀rí rẹ̀. Ó bá yí ojú sápá ọ̀tún. Obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, ó jókòó ti ìrọ̀rí, ó ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ. Okùn ìwọ̀n aṣọ kọ́ sára irin bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Aránṣọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ó kí Ìyá Olórùka pẹ̀lẹ́, ó ní ara á yá. Ìyá Olórùka bi nọ́ọ̀sì bóyá bẹ́ẹ̀dì mìíràn wà. Nọ́ọ̀sì ní kò sí. Bó bá kọjú sápá ọ̀tún, ojú aránṣọ. Bó bá kọjú sápá òsì, ojú ara rẹ̀. Òrùlé ló fi ọjọ́ àkọ́kọ́ wò.

Àwọn ará láàbù gbé ọsàn wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá kò sọ nǹkan kan fún wọn, ibà ni wọ́n pè é. Obìnrin onígbálẹ̀ sọ fún un pé ọ̀gá ti yọ ìwé lẹ́nu ọ̀nà, ó jọ pé bàbá mẹkáníìkì yẹn ti dágbére fáyé. Ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ̀ ni, kò gbọ́ ohun tí Màmá ń sọ lójoojúmọ́. Ìyá Olórùka bó ọsàn, ó ní àmín. Ọkọ rẹ̀ náà ń gbé oúnjẹ wá láràárọ̀. Á kọ́kọ́ kí pósítà, á ní ẹ ǹlẹ́ o, ìyá àwọn ọmọ, kí ó tó wá kí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún un bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan pé òun wá aṣọ òtútù fún un nínú kọ́bọ́ọ̀dù, òun rí agolo tíì kan, kò sì sí tíì nínú rẹ̀. Ó bá a tún ìrọ̀rí ṣe, ó lọ.

Oògùn náà lágbára. Lọ́jọ́ kejì, òtútù lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀yìn kò dùn ún mọ́, ó sì tọ̀ láìsí ìnira fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, kí nọ́ọ̀sì tó gbé abẹ́rẹ́ dé, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ ilé, ó ká aṣọ ọsibítù sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sínú báàgì. Ó ní ìdí lọ́wọ́, ẹ má ṣèyọnu. Ẹlòmíràn lè nílò bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ ojú ìwé mẹ́rin tí yóò bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ kò tíì parí. Yàtọ̀ sí i, òun mọ ara òun.

"Màmá, ilé ti yá?" Aránṣọ ló bi í.

Ó ní ara ti yá, ẹ̀yìn kò dun òun mọ́.

"Ó ku mélòó?"

"Mélòó kí ni?"

"Abẹ́rẹ́ yín."

Ìyá Olórùka di báàgì náà mú. Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́sàn-án ti lọ nínú mọ́kànlélógún. "Méjìlá," ló wí.

Aránṣọ gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló wá burú. Ó ní, "Mẹ́ta péré ni èmi lò lọ́jọ́ náà, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì gbọ́ ọ. Mo fi ike sílẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò padà wá gba èsì. Nígbà tí ìrora yẹn tún dé, mo ní mi ò lè dé ojú fèrèsé yẹn mọ́ láé. Mo jókòó sílé. Mo tún tọrọ lọ́wọ́ ìyá òdìkejì." Ó fọwọ́ kan ibi tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n yọ níbí? Kíndìnrín kan ni. Ẹnu yín ni mo sá fún, Màmá."

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Olórùka. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó rántí bí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe rẹ́rìn-ín, ó rántí ṣíbí tó bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó rántí ike kan tí èsì rẹ̀ wà nínú fáìlì fún oṣù mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà, òun fúnra rẹ̀ ló wọn òrùka rẹ̀. Òrùka mẹ́jọ ló wà lára àwo aránṣọ lọ́jọ́ náà, tó fẹ̀ dáadáa. Oògùn mẹ́jọ ni ìbá wò ó sàn. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ẹ dárí jì mí," ló wí. "Bàbá tí wọ́n ń wá lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ní ó ti kú yẹn, èmi ni. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń lo oògùn ní àlòfisílẹ̀, lábẹ́ aṣọ. Mi ò lè gbé ìtọ̀ mi dé ojú fèrèsé yẹn." Ó fi kún un: "Ẹnu mi ni èmi náà sá fún."

Aránṣọ kò sọ pé kò burú, kò sì sọ pé òun ti dárí jì í. Ó wò ó, ó sì wo ìyá ara ògiri, ó tún padà wo ẹni tó ń sunkún.

Nọ́ọ̀sì ti kẹ̀kẹ́ oògùn wọlé, ó rí báàgì nílẹ̀, ó béèrè bóyá Màmá ń lọ síbì kan ni. Ìyá Olórùka ní rárá, òun ń tún ẹrù òun tò ni. Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó na apá. Oògùn náà tutù bó ṣe ń wọ inú iṣan, ó sì fara balẹ̀ títí tí ẹ̀kán tó kẹ́yìn fi wọlé.

Aránṣọ ti padà sídìí etí aṣọ rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ó ku mọ́kànlá," ló wí.